Páríṣì: Ibùgbé Àlejò

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Páríṣì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí onígbàgbọ́ méjì bá pàdé ní ọjà, kì í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi bi èkejì pé, "Páríṣì wo ni ẹ wà?" A máa ń sọ pé páríṣì wa tóbi, páríṣì wa ti pẹ́, páríṣì wa ń kọ́ ilé ìsìn tuntun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti rin ìrìn àjò tí ó ju 2,000 ọdún lọ kí ó tó dé ẹnu wa. A fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sí orísun, nítorí a ti rí i pé ẹni tí kò mọ orísun ọ̀rọ̀ yìí lè fi ṣe ìkà láìmọ̀. Àwa fúnra wa ti ṣe é rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí. Ní ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà, a máa ń mú fọ́ọ̀mù kékeré kan lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń bẹ àwọn aláìsàn wò. A ó kọ orúkọ aláìsàn sí i, a ó kọ ìlú rẹ̀, a ó kọ orúkọ ìbátan tí a lè ránṣẹ́ sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni a ó kọ páríṣì rẹ̀ sí, kí a lè fi tó àwọn ará ibẹ̀ létí pé ọ̀kan nínú wọn wà lórí àìsàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà. Ọmọ Kétu ni, ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá ni ó ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Ó ti lo ọdún 11 ní ìlú yìí. Nígbà tí a béèrè páríṣì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Fadá, àlejò ni mí níbí. N kò ní páríṣì."

A bi í léèrè ibi tí ó ti ń lọ sí Mísà. Ó dárúkọ ìjọ kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni òun máa ń dúró sí. Ó ní òun ti gbìyànjú nígbà méjì láti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun lọ gba ìwé ẹ̀rí wá láti ìlú òun, òun kò sì rí owó ọkọ̀ tí òun yóò fi lọ. A mi orí. A mú bírò, a kọ ọ̀rọ̀ méjì sí àyè tí ó kẹ́yìn lórí fọ́ọ̀mù náà: "Kò ní."

Ọjọ́ 9 lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà kú. A lọ bá àwọn alàgbà ìjọ tí ó dárúkọ. Wọn kò bá wa sọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Wọ́n ṣí ìwé ńlá wọn níwájú wa, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ìsìnkú àwọn kò tó àwọn ọmọ ìjọ, débi tí àwọn yóò fi fún ẹni tí àwọn kò mọ̀. A jiyàn díẹ̀, ó rẹ̀ wá, a sì padà. Itẹ́ òkú ìjọba ni a sin ín sí. Àwọn bíríkìlà mẹ́rin ni ó tẹ̀lé wa lọ, Mùsùlùmí sì ni méjì nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ méjì tí a kọ sórí fọ́ọ̀mù yẹn ti ń dà wá láàmú, tí a fi lọ ṣí ìwé wò láti mọ ohun tí páríṣì jẹ́ gan-an.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì bẹ̀rẹ̀. Ní èdè wọn, oikos ni ilé, para sì ni ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀bá. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, ó di paroikos: ẹni tí ń gbé ní ẹ̀bá ilé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aṣèbẹ̀wò ọjọ́ méjì, kì í sì í ṣe onílẹ̀. Ó ń gbé láàárín ìlú, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń bí ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ tí ọmọ onílẹ̀ ní. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún un: àtìpó ni. Àwọn àgbà wa sì ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Láti ara paroikos ni paroikia ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìgbé ayé àtìpó, tàbí ibùgbé àlejò.

Nígbà tí àwọn Júù tí ó wà ní Alexandria, ní ilẹ̀ Íjíbítì, bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ Ìwé Mímọ́ láti èdè Hébérù sí Gíríìkì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa, wọ́n bá ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀, wọ́n sì lò ó. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Sárà kú ní Hébúrónì, Ábúráhámù kò sì ní ilẹ̀ tí yóò sin ín sí. Ó dìde níwájú òkú ìyàwó rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì, ó jẹ́wọ́ fún wọn pé àlejò ni òun láàárín wọn. Paroikos ni ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ náà fi sí i lẹ́nu. Irinwó ṣékélì fàdákà ni ó san kí ó tó rí ihò àpáta Mákípẹ́là gbà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: baba gbogbo àwọn tí ó gbàgbọ́, ilẹ̀ ìsìnkú ni ó kọ́kọ́ wá ní ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí a ka orí yìí lẹ́yìn tí a ti sin ọmọ Kétu náà, ìwé náà wúwo lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe Ábúráhámù nìkan. Nígbà tí Mósè sá lọ sí Mídíánì, tí ó bí ọmọkùnrin, ó sọ orúkọ ọmọ náà ní Gẹ́ṣómù nítorí pé ó di àtìpó ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Paroikos ni ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Léfítíkù orí 25, nígbà tí Ọlọ́run ń ṣe òfin ilẹ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí yóò di onílẹ̀ lọ́la, ó kìlọ̀ fún wọn pé ti òun ni ilẹ̀, àti pé àlejò àti àtìpó ni àwọn náà jẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ kan náà tún ni. Ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹni tí kò ní, níwájú Ọlọ́run, àtìpó ni àwọn méjèèjì.

Májẹ̀mú Tuntun gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Pétérù mímọ́ kọ̀wé sí àwọn onígbàgbọ́ tí ó fọ́n káàkiri Pọ́ńtù, Gálátíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà, ó sì pe gbogbo àkókò tí wọn yóò lò láyé ní paroikia. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù lọ ni Lúùkù orí 24. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì ń rìn lọ sí Ẹ́máúsì, Olúwa tí ó jíǹde bá wọn rìn, wọn kò sì dá a mọ̀. Kíléópà bi í bóyá òun nìkan ni àlejò ní Jerúsálẹ́mù tí kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Láti ara paroikos ni ọ̀rọ̀ tí Kíléópà lò ti wá. Nítorí náà, Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni a pè ní àtìpó ní ìlú tí ó ti kú fún wa. Ìgbà tí wọ́n gbà á sílé tí ó sì bu búrẹ́dì ni ojú wọn tó là.

Nígbà tí ìjọ Kristi bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀, wọn kò wá orúkọ mìíràn fún ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 96, Clement mímọ́ kọ̀wé láti Róòmù sí Kọ́ríńtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ìjọ Ọlọ́run tí ń ṣe àtìpó ní Róòmù ni ó ń kí ìjọ Ọlọ́run tí ń ṣe àtìpó ní Kọ́ríńtì. Nígbà tí wọ́n sì dáná sun Polycarp mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, ní nǹkan bí ọdún 155, àwọn ará ibẹ̀ kọ ìtàn ikú rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo paroikia tí ó wà níbi gbogbo. Báyìí ni ibùgbé àlejò ṣe di orúkọ ìjọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi í rẹ ara wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni ohun tí àwọn baba wa ń wí nígbà tí wọ́n bá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Láti ẹnu àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu àwọn ará Róòmù tí ń sọ Látìn. Paroecia ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ; lẹ́yìn náà ó di parochia. Kí ni ó yí i padà? Àwọn onímọ̀ èdè kan tọ́ka sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí Látìn ti yá lọ́wọ́ Gíríìkì tipẹ́. Parochus ni ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí olùpèsè. Òun ni ẹni tí ìjọba fi sí ojú ọ̀nà láti máa pèsè ohun tí àwọn ìránṣẹ́ ìlú yóò lò bí wọ́n bá ń rin ìrìn àjò. Horace, akéwì Róòmù, mẹ́nu kàn wọ́n nínú ìtàn ìrìn àjò kan tí ó rìn láti Róòmù lọ sí Brundisium ní nǹkan bí 40 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa. Igi ìdáná àti iyọ̀ ni ó ní ó jẹ́ ojúṣe wọn láti pèsè. Ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, etí àwọn ènìyàn sì pa wọ́n pọ̀. Ẹ wo bí ó ti dára tó! Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a rí àlejò, a sì rí ẹni tí ń fún àlejò ní igi ìdáná àti iyọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ a máa dàgbà, a sì máa yí ìwà padà bí ènìyàn. Lẹ́yìn ọdún 313, nígbà tí inúnibíni dópin ní ìjọba Róòmù, ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí ní ilẹ̀ àti ilé tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọba Diocletian, tí ó jọba láti ọdún 284 sí 305, ti pín ìjọba rẹ̀ sí ẹkùn 12. Dioecesis ni wọ́n ń pe ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn tí ilé, oikos, wà nínú rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí àbójútó ilé. Láti ibẹ̀ ni ìjọ ti rí orúkọ dáyósísì. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń fi ọ̀kan pe èkejì: ilẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso ni parochia ń jẹ́ ní ibòmíràn. Bí ilé ìsìn ti ń pọ̀ ní àwọn abúlé, ọ̀rọ̀ méjèèjì pínyà díẹ̀díẹ̀. Dáyósísì di ti bíṣọ́ọ̀bù, páríṣì sì di ti àlùfáà kan àti àwọn agbo rẹ̀.

Nígbà náà ni ààlà dé. Ní ọdún 779, Charlemagne ọba àwọn Franks pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa san ìdámẹ́wàá. Bí a óò bá san ìdámẹ́wàá, a gbọ́dọ̀ mọ ìjọ tí yóò gbà á, bí a óò bá sì mọ̀ ọ́n, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ ìjọ kan parí sí. Ní ọdún 1215, ìpàdé ńlá kẹrin ti Lateran pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún àlùfáà tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ní ọdún 1563, ìpàdé ńlá ti Trent ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pín àwọn ènìyàn sí páríṣì tí ó ní ààlà, kí olúkúlùkù sì ní àlùfáà tí ó mọ̀ ọ́n. A kò sọ pé ó burú. Olùṣọ́ àgùntàn tí kò mọ iye àgùntàn rẹ̀ kò lè mọ èyí tí ó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọgbà yí agbo ká gbọ́dọ̀ rántí láti fi ẹnu ọ̀nà sí i.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbàgbé ẹnu ọ̀nà náà. Àwọn Faransé ń pe parochia ní paroisse, láti ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti rí parish. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọọdún, àwọn ará páríṣì a máa yí ààlà wọn ká pẹ̀lú àwọn ọmọdé, wọn a sì fi ara ọmọ gbá òkúta ààlà kí ó má baà gbàgbé ibi tí ó wà. Ní ọdún 1601, òfin ìjọba gbé ìtọ́jú àwọn tálákà lé páríṣì kọ̀ọ̀kan lórí. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n páríṣì tí ó bá ní tálákà púpọ̀ ni yóò san owó púpọ̀, nítorí náà olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ẹni tí ń wọlé. Ní ọdún 1662, òfin mìíràn jáde: bí àlejò bá wá gbé inú ilé tí owó rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn 10 lọ́dún, láàárín 40 ọjọ́, adájọ́ méjì lè pàṣẹ kí wọ́n dá a padà sí páríṣì tí ó ti wá, nítorí ìbẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan yóò tọrọ oúnjẹ. Aboyún tí kò ní ọkọ ni wọ́n ń lé kíákíá jù lọ, nítorí pé páríṣì tí ó bá bímọ sí ni yóò tọ́ ọmọ náà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ibùgbé àlejò ni wọ́n fi ń lé àlejò. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n kàn gbàgbé ohun tí ó ń sọ.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bá ọkọ̀ ojú omi lọ káàkiri ayé. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní parrocchia, àwọn ará Sípéènì ní parroquia, àwọn Potogí ní paróquia. Ní Jàmáíkà, páríṣì 14 ni ìjọba pín gbogbo erékùṣù náà sí. Ní Louisiana, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí Faransé àti Sípéènì ti ṣàkóso rí, páríṣì 64 ni wọ́n ní dípò ohun tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ń pè ní county, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìsìn kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ní Cuba, ìwé ìrìbọmi àwọn parroquia ṣì wà níbi tí a ti kọ orúkọ àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tí a fún wọn níbi ìrìbọmi ni a kọ Lucumí sí, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣí fún àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀tọ̀ sì ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ àtìpó ju àwọn wọ̀nyẹn lọ. Síbẹ̀, ní ibùgbé àlejò, ojú ìwé mìíràn ni wọ́n kọ wọ́n sí.

Díẹ̀ nínú àwọn tí a kó lọ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn padà wá, láti Cuba àti láti Brazil. Àwọn ni a mọ̀ ní Àgùdà. Ní Èkó, kí àlùfáà kankan tó wá máa gbé láàárín wọn, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ẹrú rí, tí a ń pè ní Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fadá Francesco Borghero bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Ọdún 1868 ni Fadá Pierre Bouche dé láti máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ààlà, kò sí káàdì, kò sí ìwé ẹ̀rí láti páríṣì tí wọ́n ti wá. Àwọn àtìpó tí wọ́n kóra jọ ni ó wà níbẹ̀. Bí Clement mímọ́ bá rí wọn, yóò mọ̀ wọ́n.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a lé ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbé-ìlú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn fi ọjà àti ilé tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà, àwọn ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Títí di òní ni a ń fi orúkọ wọn pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù. Ẹni tí a lé lánàá ni ó ń léni lónìí. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Fadá, ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti Látìn ni gbogbo èyí. Òfin ìjọ ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Àwa náà wá a lọ sínú òfin ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1983. Nínú òfin 515, ohun tí a kọ́kọ́ sọ pé páríṣì jẹ́ ni àwùjọ àwọn onígbàgbọ́. Ìgbà tí a dé òfin 518 ni a tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà. Ẹ padà sí òfin 102: ẹni tí ó bá ti gbé inú páríṣì kan fún oṣù 3 ti ní ibùgbé onígbà díẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá lo ọdún 5 gbáko, ibùgbé rẹ̀ ti pé. Ẹ wá wo òfin 107. Ó ní páríṣì tí ènìyàn bá ń gbé ni ó fún un ní àlùfáà tirẹ̀. Ẹni tí kò sì ní ibùgbé rárá, tí ó ń rìn kiri, àlùfáà ibi tí ó bá wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni àlùfáà rẹ̀. Ìyẹn ni pé, nínú òfin ìjọ wa, kò sí onígbàgbọ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí kò ní àlùfáà tirẹ̀.

Ọdún 11 ni bíríkìlà náà lò ní ìlú yìí. Ó ní páríṣì láti oṣù kẹta tí ó ti dé. Kò mọ̀, àwọn alàgbà náà kò mọ̀, àwa tí ó yẹ kí a mọ̀ kò sì wá a wò. Nígbà tí ó sọ pé àlejò ni òun, tí òun kò ní páríṣì, ó rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni òun ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Jíjẹ́ tí ó jẹ́ àlejò gan-an ni ohun tí a fi ń pe ara wa láti ọjọ́ Clement mímọ́. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ pé kò ní.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sí gbogbo ìgbìmọ̀ páríṣì tí ó ń gbọ́ wa. Èkíní, ẹ yan ẹni tí yóò máa dúró ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, kì í ṣe láti gba owó, bí kò ṣe láti béèrè orúkọ àwọn tí ń dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Èkejì, bí ẹni tuntun bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bí ìwé ẹ̀rí bá kù, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ̀wé sí ibi tí ó ti wá, ẹ má ṣe dá ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ padà sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ilẹ̀ ìsìnkú yín, bí ó ti wù kí ó kéré tó, fún àwọn tí ikú bá lọ́nà àjò. A mọ̀ pé ilẹ̀ wọ́n, a sì mọ̀ pé àwọn kan ti fi irọ́ gba ohun ìjọ rí. Síbẹ̀, ẹ rántí baba wa Ábúráhámù tí ó dúró níwájú òkú ìyàwó rẹ̀ tí ó ń bẹ onílẹ̀. Igi ìdáná àti iyọ̀ ni a ń béèrè, kì í ṣe ààfin.

Fọ́ọ̀mù ọkùnrin náà ṣì wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì wa. A ti mú un jáde, a ti fa ìlà sí ọ̀rọ̀ méjì tí a kọ, a sì ti kọ orúkọ ìjọ tí ó wà nítòsí ọjà síbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù fún un, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí ó wà ní àkọsílẹ̀. A ti sọ fún àwọn alàgbà ìjọ náà pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́ wa, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn tí wọn yóò gbàdúrà fún ní oṣù àwọn òkú.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ìwọ tí wọ́n pè ní àlejò ní ojú ọ̀nà Ẹ́máúsì, ṣí ojú wa kí a lè mọ̀ ọ́ nínú àwọn tí ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Fún àwọn tí ó kú ní ilẹ̀ àjèjì ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé àtìpó ni gbogbo wa lọ́dọ̀ rẹ, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Àlàáfíà Olúwa kí ó máa bá yín gbé.